Òṣùbà fún Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣàkọsílẹ̀ Ẹ́ńjìnnì

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ òpópónà Warri sí Sapele, ọkọ̀ tókùnbọ̀ lè máa gbóná kí awakọ̀ má mọ ìdí. Mo kan sáárá sí ẹni tó ń fi owó táṣẹ́rẹ́ to ẹ̀rọ tí yóò sọ ìdí náà.

Lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù ni ojúhò OBD-II, tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń sọ̀rọ̀, máa ń wà, oníhò 16. Láti 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun, nítorí náà ọ̀pọ̀ tókùnbọ̀ tó wá láti ibẹ̀ ló ní in. Ẹ ki ẹ̀rọ kékeré ELM327 bọ̀ ọ́, Bluetooth yóò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé orí fóònù àtijọ́.

Ìṣirò rẹ̀ ló wù mí jù. Ẹ fi kódù «010C» béèrè lọ́wọ́ ọkọ̀, nọ́ńbà méjì ni yóò fi dáhùn. Ẹ fi 256 sọ èkíní di púpọ̀, ẹ ro èkejì mọ́ ọn, ẹ fi 4 pín in: iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Ẹ béèrè «0105», ẹ yọ 40 kúrò nínú èsì, ẹ ti mọ bí omi inú ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó.

Bí àkọsílẹ̀ àwọn èsì wọ̀nyí bá fi hàn pé ìdúró ló ń mú un gbóná, tí eré sì ń tù ú, fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ orí eré ló ti ń gbóná, ẹ wo rẹ̀díétọ̀ àti páǹpù omi. Iṣẹ́ tó ń fi òótọ́ rọ́pò ìméfò, tó ń gba àpò mẹ̀kúnnù là, òṣùbà tọ́ sí i.