Lórí Ìwé Ọ̀rọ̀ Greta Thunberg

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ọmọbìnrin ará Swídìn kan, ẹni ọdún 15, fi kíláàsì sílẹ̀, ó sì lọ jókòó sí iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Stockholm, nítorí pé àwọn àgbà kò náání ooru tí ń pọ̀ sí i ní ayé. Àwọn kan pè é ní ìsáǹsá. Ìsáǹsá a máa fi ara pamọ́. Òun jókòó ní gbangba pẹ̀lú pátákó.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó sọ níwájú àwọn aláṣẹ di ìwé ní ọdún 2019, No One Is Too Small to Make a Difference. Ìwé náà tẹ́ẹ́rẹ́. Kò fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ẹnikẹ́ni. Èyí wù mí. Ṣùgbọ́n ibi kan kù díẹ̀ káàtó. Ó béèrè èrè tí ń bẹ nínú ẹ̀kọ́ nígbà tí àwọn aláṣẹ kò fetí sí àwọn onímọ̀. Níbo ni àwọn onímọ̀ náà ti kọ́kọ́ mọ ìṣirò, bí kì í bá ṣe lórí bẹ́ńṣì ilé-ìwé? (Bẹ́ńṣì náà le, mo gbà.)

Ìṣe rẹ̀ dá a lóhùn ju ìwé rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ Ẹtì ni ó yà sọ́tọ̀ fún ìjókòó náà. Ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ fún ọdún kan, ó bẹ̀rẹ̀ ìwé girama ní 2020, ó sì jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023.