Wáyà Kúkúrú Tí Gìtá Fi Ń Fọhùn

Bí onígìtá ní Ìlọrin bá to pẹ́dàlì mẹ́fà tó ń pa ohùn dà sórí pákó, wáyà kúkúrú márùn-ún ló so wọ́n pọ̀. Ojú kì í wò wọ́n, bẹ́ẹ̀ inú wọn ni orin ń gbà kọjá.

Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni ṣíṣe wọn. Oníṣẹ́ á gé wáyà ní sẹ̀ǹtímítà 15, á bó èèpo rẹ̀, á fi òjé yíyọ́ lẹ wáyà àárín mọ́ ṣóńṣó jáàkì (orí wáyà tí à ń kì bọ pẹ́dàlì), á sì lẹ fọ́nrán tó yí i ká mọ́ ara jáàkì. Bí fọ́nrán ẹyọ kan bá ṣèèṣì kan àárín, gìtá yadi nìyẹn.

Jáàkì pẹlẹbẹ kì í gba àyè. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà dí pa kò wọ́n, ṣùgbọ́n tó bá já nínú, ó di ẹrù ààtàn. Ẹ ra èyí tó ṣeé tú.