Òrìṣà Tó Ní Òǹkà Ẹ̀mí: Àyẹ̀wò Ìwé Deities & Demigods

Eré kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ń jókòó yí tábìlì ká ṣe: wọ́n ń fi ẹnu pa ìtàn, wọ́n sì ń ju dáìsì bíi ti lúdò láti mọ ohun tó kàn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù, Dungeons & Dragons, jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Olùdarí eré ní láti dá ayé kan àti àwọn òrìṣà tí wọ́n ń sìn níbẹ̀. Láti ràn án lọ́wọ́ ni James Ward àti Robert Kuntz ṣe kọ Deities & Demigods ní 1980.

Ọ̀pọ̀ Kristẹni Amẹ́ríkà bẹnu àtẹ́ lu eré yìí nígbà náà pé ẹ̀mí èṣù ló ń pè. Ní tiwa, ibòmíràn ni a rí àléébù rẹ̀. Ìwé náà fún òrìṣà kọ̀ọ̀kan ní òǹkà ẹ̀mí, ìyẹn iye ọgbẹ́ tó lè gbà kí ó tó kú. Ti Zeus jẹ́ 400. Méródákì inú Jeremáyà 50 náà ní tirẹ̀. Nínú eré yìí, àtẹ òǹkà ló ń sọ iye iṣẹ́ ìyanu tí àlùfáà lè ṣe lójúmọ́, gẹ́gẹ́ bí ipò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yin òótọ́ inú rẹ̀: òrìṣà tí ènìyàn dá, ènìyàn náà ló ń gbé e ró. Aísáyà 46 ti rí i lórí ẹ̀yìn ẹran ọ̀sìn. Àwọn baba wa náà sọ pé bí ènìyàn kò sí, imọlẹ̀ kò sí. Ọlọ́run Bíbélì kò sí nínú ìwé yìí, kò sì lè sí. Òun ló kọ́kọ́ pe Ábúráhámù. Nígbà tí Ọmọ rẹ̀ sì kú, kì í ṣe pé òǹkà rẹ̀ tán, Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀mí lélẹ̀ (Jòhánù 10:18).

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Bí a bá wàásù pé ààwẹ̀ ọjọ́ báyìí ń mú ilé wá, tí irúgbìn owó báyìí sì ń mú ọmọ wá, àtẹ òǹkà ni àwa náà tẹ́ síwájú ìjọ. Ẹni tí kò rí ilé náà yóò rò pé Ọlọ́run ti kùnà. Kí a tó gba ìwé yìí lọ́wọ́ ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tún ìwàásù wa ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kà. Àwọn tó ń ju dáìsì mọ̀ pé eré ni àwọn ń ṣe. Àwa ńkọ́?