Ìbúra àti Ẹ̀rí-Ọkàn nínú Iṣẹ́ Robert Bolt

Robert Bolt (1924–1995) jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára àwọn òǹkọ̀wé eré-oníṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú Sale, nítòsí Manchester, ni wọ́n ti bí i. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe kí eré rẹ̀, Flowering Cherry (1957), tó sọ ọ́ di olókìkí. Ó lọ́wọ́ nínú kíkọ sinimá Lawrence of Arabia (1962), òun ni ó sì kọ ti Doctor Zhivago (1965). Síbẹ̀, A Man for All Seasons (1960) ni ó gbé orúkọ rẹ̀ ga jù lọ.

Eré náà dá lórí Thomas More, tí Ọba Henry Kẹjọ ní kí wọ́n bẹ́ lórí ní 1535, nítorí pé kò gbà pé ọba ni olórí ìjọ. Ikú yá ju ẹ̀sín ni ọ̀rọ̀ More. Ọ̀pọ̀ òǹwòran kò rí ju akọni yìí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá-ìtàn mìíràn wà níbẹ̀ tí Bolt pè ní Common Man, èyíinì ni ará ìlú lásán. Òṣèré kan ṣoṣo ni ó ń ṣe ìránṣẹ́ ilé, atukọ̀, wọ́dà àti ẹni tí ó bẹ́ More lórí. Kò kórìíra More. Ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ó ń dá ààbò bò. Òun ni dígí tí òǹwòran fi ń wo ara rẹ̀.

Nígbà tí Bolt sọ eré náà di sinimá ní 1966, ó yọ ẹ̀dá-ìtàn yìí kúrò. Sinimá náà gba Oscar, ṣùgbọ́n ó pàdánù dígí náà: òǹwòran kàn ń yin More láti òkèèrè ni.

Ìgbésí ayé òǹkọ̀wé fi ìdí èyí múlẹ̀. Ní 1961, wọ́n rán Bolt lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, torí pé ó kọ̀ láti tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò pa àlàáfíà mọ́, lórí ọ̀rọ̀ ìwọ́de tí ó lòdì sí àdó olóró átọ́míìkì. Iṣẹ́ Lawrence of Arabia kò tíì parí. Sam Spiegel, tí ó ń gbé sinimá náà jáde, rọ̀ ọ́ títí ó fi tọwọ́ bọ̀wé tí ó sì jáde. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún pẹ́.

Ohun tí eré ti sọ ní 1960 ni ó dé bá ẹni tí ó kọ ọ́. Nítorí náà, kì í ṣe pé Bolt ń fi ará ìlú lásán ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó lè jẹ́ More; ọ̀pọ̀ ni yóò tọwọ́ bọ̀wé. Eré orí ìtàgé sọ òtítọ́ méjèèjì. Ọ̀kan ṣoṣo ni sinimá sọ.