Iwájú Tí Kò Yà ní Jákàńdè

Ká kọ́kọ́ yin alángbá. Èyí tó já láti orí ìrókò ní bí ẹnikẹ́ni ò yin òun, òun á yin ara òun. Ti Otin, alángbá rọ́bọ́ọ̀tì inú eré kàtúùnù Iwájú, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa fúnra wa la máa yìn ín. Àwa tá a ń kọ kóòdù jẹun, tá a sì fẹ́ràn eré nípa ayé ọjọ́ iwájú, ẹ̀rọ tó jọ ọmọ Èkó là ń wá látọjọ́ yìí, a sì rí i.

Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ bí eré yìí ṣe wáyé. Lọ́dún 2019, àwọn mẹ́ta tó dá Kugali sílẹ̀, ọmọ Nàìjíríà méjì àti ọmọ Uganda kan, fọ́nnu fún BBC pé àwọn máa na Disney. Disney gbọ́, ló bá ní kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024, apá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde lẹ́ẹ̀kan náà lórí Disney+, èyí tí kò sí ní Nàìjíríà nígbà náà. Eré tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, tó dá lórí Èkó! Ẹ má wulẹ̀ bi wá bá a ṣe rí i wò.

Ìtàn náà dáa gan-an. Tọlá, ọmọ ọdún mẹ́wàá, jẹ́ ọmọ olówó ní Island. Bàbá rẹ̀ ló ṣe Otin kó lè máa ṣọ́ ọ. Kọ́lé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń ti Mainland wá ṣiṣẹ́ nílé wọn, ó sì ti kọ́ ara rẹ̀ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Bọ́dé, ọ̀gá àwọn ajínigbé, rí àìní Kọ́lé, ó sì fẹ́ fi í mú Tọlá. Ibẹ̀ ló wọ̀ wá lọ́kàn jù: ọgbọ́n ọmọ náà ò dín, owó ló dín.

Máàpù eré náà la bá jà. Olówó ń gbé Island, tálákà ń gbé Mainland, ó parí. Tá a bá kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ sínú kóòdù, àdírẹ́sì kan péré ló máa dà á rú: Jakande Estate, Ìlasàn. Lekki la wà níbí o. Ìjọba Lateef Jákàńdè, tó ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983, ló kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyí. Jíìpù olówó ńlá àti mẹ́ruwà tó ń ti kẹ́ẹ̀gì omi, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Ọ̀sà kọ́ ló pín wa, gẹ́ètì ni.

Kì í ṣe Iwájú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kajola, fíìmù tí Níyì Akínmọláyàn gbé jáde lọ́dún 2010, gbé Èkó lọ sí ọdún 2059. Níbẹ̀ náà, Island ni àwọn olówó sá sí. Fíìmù tó ní ká jọ là ló tún wá là wá sí méjì.

Ẹ lè ní, "Ṣebí kàtúùnù ọmọdé ni, kí lẹ̀ ń bínú sí?" Máàpù yẹn ní ìtàn ni. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Èkó fi katapílà wó Màrókò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ló pàdánù ilé wọn. Wọ́n kó díẹ̀ lára wọn wá síbí, Ìlasàn, wọ́n kó àwọn mìíràn lọ sí Ìkọ́ta. Ọ̀pọ̀ jù lọ ò rí nǹkan kan gbà. Lónìí, ilé olówó ló kún ibi tí Màrókò wà. Island ò ṣàdédé dà bíi ti olówó nìkan. Wọ́n lé tálákà kúrò níbẹ̀ ni. Eré tó bá wá ya Island ọjọ́ iwájú láìsí tálákà kankan tó ń sùn síbẹ̀, iṣẹ́ katapílà ló ń bá a parí.

Ẹ̀fẹ̀ ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ jù nínú Iwájú, wọ́n kàn ń bu Yorùbá sí i bí iyọ̀. Ìrìn alángbá ló ń pa wá lẹ́rìn-ín ju ọ̀rọ̀ èèyàn lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹnu ni ẹ̀fẹ̀ Èkó ń gbé. Bàbá Sàlá ti fi hàn wá: nínú Ọ̀run Móoru, lọ́dún 1982, ọkùnrin tí wọ́n lù ní jìbìtì bá ara rẹ̀ ní ayé mìíràn, Yorùbá ló sì ń sọ kiri. À ń rẹ́rìn-ín, àánú rẹ̀ ń ṣe wá. Tálákà ni, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ni ìtàn.

Ohun tá a fẹ́ nínú èyí tó ń bọ̀ ò le. Ẹ jẹ́ kí Kọ́lé máa gbé ní òpópónà kejì sí ilé Tọlá. Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fi Yorùbá gidi bú ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ eruku sórí ọjà rẹ̀. Kí Otin sì máa fo fẹ́ǹsì lọ, fo fẹ́ǹsì bọ̀. Ohun tí àwọn alángbá Jákàńdè ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn.