Èèpo Gbànja, Fàdákà àti Mákúrì

Ní Ìjerò-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tántáláìtì, omi ẹ̀gbẹ́ kòtò kùsà kì í pẹ́ dàrú. Ẹrẹ̀ hàn sójú. Òjé àti mákúrì kì í hàn. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé inú eruku òkúta wúrà pa ju 400 ọmọdé lọ.

Ní ti mákúrì, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà wá a nínú omi lè bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tí àgbẹ̀ ń dà nù. Ní Yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èèpo òde gbànja ṣe ẹ̀rún fàdákà tí ojú ò lè rí. Wọ́n á sá èèpo náà títí yóò fi gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná. Gíráàmù 0.1 ni wọ́n ń pò mọ́ mìlílítà 10 omi tí kò ní iyọ̀ kankan, kí wọ́n tó gbé e sínú ooru 60 digiri fún wákàtí kan. Kò gbọdọ̀ hó. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá fa mìlílítà 1 péré sínú mìlílítà 40 omi tí iyọ̀ fàdákà ti yòrò sí.

Omi náà kò láwọ̀ tẹ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí yóò sì dúdú díẹ̀ bí omi àgbo. Bí ẹnikẹ́ni bá fi omi kànga ṣan ìgò tí wọ́n ń lò, iyọ̀ inú omi kànga náà lè mú kó funfun bí omi ògì, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Irú fàdákà báyìí ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ń lò láti wá mákúrì. Wọ́n á kọ́kọ́ sẹ́ omi odò dáadáa, torí ẹrẹ̀ náà láwọ̀ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á to àwọn ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ síwájú bébà funfun: ọ̀kan kò ní mákúrì rárá, àwọn yòókù ní iye tí wọ́n mọ̀, ó ń pọ̀ sí i láti ìgò dé ìgò. Ti omi odò á wà láàárín wọn. Mákúrì máa ń já ẹ̀rún fàdákà náà tú, àwọ̀ á sì máa ṣá. Bó bá pọ̀, omi á mọ́ gaara. Òdiwọ̀n àjọ WHO fún omi mímu jẹ́ máíkírógíráàmù 6 nínú lítà kan, èyí tó kéré ju ohun tí ojú lásán sábà ń rí, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀ ló ń bá wọn wo ìyàtọ̀ àwọ̀ náà.

Síbẹ̀ wọn kì í tètè fọwọ́ sí èsì náà. Wọ́n á tún bu omi odò yẹn kan náà, wọ́n á kán mákúrì tí wọ́n mọ iye rẹ̀ sí i. Bí àwọ̀ kò bá ṣá bó ṣe yẹ, a jẹ́ pé ohun mìíràn wà nínú omi náà tó ń dí i lọ́wọ́, wọn ò sì ní í pè é ní mímọ́.