Ọ̀pẹ Ló Ń Dáná Epo Ara Rẹ̀

Níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe epo pupa ní abúlé ilẹ̀ Yorùbá, ìdí ààrò ló yẹ kí àlejò kọ́kọ́ wò. Ẹyìn ń hó nínú dúrọ́ọ̀mù lókè. Igi ìdáná lè wà nísàlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìhá ni wọ́n máa ń kó sí i bí iná bá fẹ́ kú.

Ìhá ló ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá ti gún ẹyìn, tí wọ́n sì fún epo rẹ̀. Bó ti wù kí wọ́n fún un tó, epo díẹ̀ ṣì máa ń wà lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń tètè gbaná, tí àwọn baba wa sì fi ń fi í ṣe ògùṣọ̀. Èèpo èkùrọ́ kì í yára bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó bá ti gbaná, ooru rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn alágbẹ̀dẹ mọ̀ ọ́n dáadáa: èédú rẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹwìrì fẹ́ títí irin yóò fi pọ́n bí ẹyìn.

Ohun tó wù mí nínú iná yìí ni pé kò gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Epo ti lọ sínú ọbẹ̀, èkùrọ́ ti di àdín, kí iná tó gba tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àgbàdo wọn ló ń lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹtanọ́ọ̀lù fún ọkọ̀. Àwọn ará Yúróòpù tilẹ̀ ń fi epo ọ̀pẹ gan-an ṣe dísù, kí wọ́n tó fẹnu kò ní 2018 pé àwọn yóò máa dín in kù títí di 2030. Epo ọbẹ̀ nínú táńkì mọ́tò!

Àwọn ilé iṣẹ́ epo ńláńlá ní Màléṣíà ń tẹ̀ lé ọ̀nà ìhá. Nínú odi ẹyìn tọ́ọ̀nù kan, ìhá tó nǹkan bí kílò 130, èèpo èkùrọ́ sì tó nǹkan bí 60. Wọ́n ń kó wọn sínú bọ́ílà. Ooru omi rẹ̀ ló ń se ẹyìn, òun náà ló ń yí ẹ̀rọ iná mànàmáná. Èèpo tí wọn ò lò ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Japan, wọ́n sì ń fi í pèsè iná mànàmáná níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yẹ ká sun. Odi tí wọ́n ti ja ẹyìn kúrò lára rẹ̀ máa ń lómi púpọ̀, kò sì fẹ́ràn iná. Ohun tí ilẹ̀ nílò ló kún inú rẹ̀, nítorí náà ni àwọn olóko fi ń tẹ́ ẹ sí ìdí ọ̀pẹ kó jẹrà níbẹ̀. Èyí tí àwọn obìnrin wa bá sá gbẹ tí wọ́n sì sun, eérú rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe ọṣẹ dúdú.